Ilé Mẹ́ta Lábẹ́ Òrùlé Kan

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ní àga kí ó sún un síwájú, ẹni tí kò bá ní, ilẹ̀ kò kọ ìdí ẹnikẹ́ni. Ẹran tí mo pa láyé mi pọ̀. Bí ẹfọ̀n bá gbọ́ orúkọ Ọdẹ́wálé nínú ẹgàn, ọmọ rẹ̀ ni í kọ́kọ́ gbé pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ìbọn kò ràn mí lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá. Èmi kò wọ ilé-ìwé rí. Ohun tí mo bá fẹ́ mọ̀, ńṣe ni mo máa ń tú u palẹ̀. Mo tú ìbọn baba mi palẹ̀, mo tò ó padà. Mo tú agogo ògiri akọ̀wé kóòtù palẹ̀, mo tò ó padà, ó sì ń lù títí di òní.

"Ó ń lù lóòótọ́," ni Ọláníhún adẹ́mu wí láti ẹ̀yìn, "ṣùgbọ́n mẹ́tàlá ló ń lù lọ́sàn-án gangan."

Ọláníhún, èènì ni mo fi sí i fún wọn. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń rọ lọ sópin, àbúrò mi Àjàdí, ọmọ ìyá mi, lé ìgalà wọ Igbó Àìlọ́nà, kò sì bọ̀. A retí rẹ̀ títí, ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀, Adépèlé, tọ̀ mí wá ní ìdí àgbẹ̀dẹ tí mo ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Oyún inú rẹ̀ ti yọ síta dáadáa. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, bí ẹkún bá mọ ọ̀nà igbó, ǹ bá ti sun ún. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà igbó. Ẹ bá mi lọ mú àbúrò yín wá, kí ọmọ yìí lè bá baba rẹ̀ nílé."

Mo ní, "Dìde nílẹ̀. Bí n kò bá mú un bọ̀, má retí èmi náà."

Ìyá mi gbọ́ ọ, ó ní ọ̀rọ̀ mi ti le jù. Mo ní ọ̀rọ̀ tó le ni í gbé ẹsẹ̀ ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo gbé àáké, ó di inú igbó.

Bí mo ṣe rìn dé ibi tí mo dé kò ní láárí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Mo kọjá lára igi tí ń fi ewé rẹ̀ bú ènìyàn, mo sì bú u padà, nítorí èmi kì í jẹ gbèsè èébú. Mo kọjá odò tí omi rẹ̀ ń ṣàn gòkè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni oko iwin kan tí ń jẹ́ Akọbè. Ọwọ́ iwin yìí méjèèjì, ọkọ́ ni. Ibi tó yẹ kí ìka wà, irin ló wà níbẹ̀, ó sì ń dán. Bí ó ti rí mi ni ó dúró sójú ọ̀nà.

"Ọmọ ènìyàn," ó ní, "ṣé o mọ oko wò?"

"Mo mọ̀ ọ́n wò."

"Wo oko mi méjì yìí. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Èyí ní ebè mẹ́sàn-án, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Èyí ní ebè mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ oko ni a ń pè ní gbòǹgbò rẹ̀ nílẹ̀ wa. Gbòǹgbò mẹ́sàn-án ni mẹ́ta, gbòǹgbò mẹ́rìndínlógún ni mẹ́rin. Lọ́dún tó ń bọ̀, n ó kó ebè oko méjèèjì sójú kan, n ó fi wọ́n kọ oko kan ṣoṣo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Kí ni gbòǹgbò oko náà yóò jẹ́? Bí o bá mọ̀ ọ́n, máa lọ. Bí o bá ṣì í, n ó gbìn ọ́ bí èbù."

Ẹnu mi ti là, méje ti wà lórí ahọ́n mi.

"Ó dẹ̀ yẹ kó jẹ́ méje," ni Ọláníhún wí. "Mẹ́ta àti mẹ́rin."

Wọn ì bá ti gbìn ọ́, Ọláníhún, ò bá sì ti máa hu ewé báyìí. Èmi pa ẹnu dé, mo ní kí iwin fún mi láàyè díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ahọ́n rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀: mẹ́sàn-án níhìn-ín, mẹ́rìndínlógún lọ́hùn-ún. Mo dà wọ́n pọ̀, wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n kí ẹ̀gbẹ́ wọn lè dọ́gba. Mo tò, mo tò, márùn-ún lọ́nà márùn-ún ló gbà wọ́n, kò ku ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ méje ni, mọ́kàndínláàádọ́ta ni ì bá gbà, níbo ni mo ti fẹ́ rí òkúta tó kù?

Mo ní, "Márùn-ún ni. A lè da oko pọ̀ mọ́ oko, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn kì í bá wọn dà pọ̀."

Akọbè yà fún mi lójú ọ̀nà. Ó ní, "Orí tí mo ti gbìn sábẹ́ méje kò lóǹkà. Ta lò ń wá?"

Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹni tó lé ìgalà? Ó ń bẹ ní Ìlú Abẹ́-Òrùlé, ní ìsàlẹ̀ òkè yẹn. Oòrùn ló ṣe é, ó yà sábẹ́ òrùlé láti sinmi. Ẹni tó bá ti yà síbẹ̀ kì í jáde bó ṣe wù ú. Yára o. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá bá a níbẹ̀, yóò di òpó ilé, òpó yóò sì ta gbòǹgbò."

Mo gbé ojú sókè. Ojú ọ̀run ṣì funfun, àmọ́ afẹ́fẹ́ ti ń rùn bí ilẹ̀ tútù. Ọdẹ kì í gbàgbé òórùn yẹn. Mo sáré.

Ìlú tí mo dé, òrùlé koríko ló kún ibẹ̀. Òrùlé náà wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ilé tó pọ̀ jù ti ṣófo, òpó nìkan ló kù nínú wọn. Mo fi ọwọ́ kan òpó kan, mo sì yọwọ́ kíá. Òpó náà ní imú. Ó ní etí. Ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún wọ ara igi lọ́rùn rẹ̀ bí ìgbà tí okùn bá wọ ara ẹran. Ilé mẹ́ta péré ni ohùn ènìyàn ṣì ń ti inú wọn jáde, nínú àkọ́kọ́ ni mo sì ti gbọ́ ikọ́ àbúrò mi. Ẹni tí a jọ sùn lórí ẹní kan, ikọ́ rẹ̀ kì í ṣàjèjì.

"Àjàdí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má wọlé o! Ẹ dúró níta!"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú. Ìlẹ̀kẹ̀ méje wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Ìyá Àbẹ̀jẹ́ jókòó, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́rùn tirẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ mìíràn, ọwọ́ kan ti di ẹ̀yìn aṣọ mi mú, ó fà mí sẹ́yìn bí ẹni fa ewúrẹ́. Adènà ìlú náà ni, Kò-ṣeé-bẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní, iwájú orí ló sì wà. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ tí a fi ń fẹ́ ẹ̀wà.

Mo na ìbọn sí i. Ó fi ìka dí ẹnu ìbọn, ó ní, "Ìbọn kò mọ òfin. Fetí sílẹ̀ kí o gbọ́ òfin. Ẹni tó bá yà sábẹ́ òrùlé, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fi ń kí i káàbọ̀. Ẹni méjì tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn bá bára mu lábẹ́ òrùlé kan náà lè jáde pọ̀. Bí wọ́n bá dé orí òkúta ẹnu ọ̀nà yìí, n ó já okùn ẹnì kan, ẹnìkejì yóò wọ tirẹ̀ lọ sílé. Okùn méjì wá, okùn kan jáde. Ẹni tí kò bá ní ẹnìkejì, inú ilé ni yóò wà."

"Fún èmi náà ní ìlẹ̀kẹ̀ méje, kí n wọlé, kí èmi àti àbúrò mi jọ jáde."

Ó rẹ́rìn-ín. "Igbá ìlẹ̀kẹ̀ ti gbẹ. Ti àbúrò rẹ ló kẹ́yìn."

Mo wo àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn, mo rí i pé wọ́n fi ọ̀bẹ fá ìlà sí i. Mo kà á, ó jẹ́ mọ́kànlélógún. Ẹ mọ̀ mí, bí ojú mi bá rí ohun tí kò yé mi, mi ò lè kọjá lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ikú ń lé mi bọ̀. Mo ní, "Adènà, ènìyàn méjì ló wà níbí. Mẹ́ta àti méje, mẹ́wàá ni. Kí ló dé tí ẹ fá mọ́kànlélógún?"

"A kì í ro ará ilé pọ̀ níbí," ó ní. "Ẹni tó bá wọlé ń sọ ẹni tó bá nílé di púpọ̀ ni. Mẹ́ta lọ́nà méje. Ìwọ àlejò yìí, ìbéèrè rẹ pọ̀ ju ọta ìbọn rẹ lọ."

Ilé kejì kò jìnnà. Mẹ́rìnlá ni wọ́n fá sí àtẹ́rígbà rẹ̀. Mo yọjú wò ó, ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Lágbàyí, ìlẹ̀kẹ̀ méjì lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin kan sì wà níbẹ̀, Ẹfúnwùmí, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méje! Ayọ̀ mú mi fò. Méje kan nílé yìí, méje kan nílé yẹn, kí ni wọ́n tún ń wá?

"Wọn kò sí lábẹ́ òrùlé kan náà," ni Kò-ṣeé-bẹ̀ wí. Inú rẹ̀ dùn láti sọ ọ́.

Ìyá Àbẹ̀jẹ́ ló ké sí mi láti inú ilé àkọ́kọ́. "Ọmọ mi, má wulẹ̀ dá ọgbà. Àwọn tó ti wà níbí ṣáájú wa dá ọgbà yí ilé méjì ká, wọ́n ní ó ti di agboolé kan, wọ́n ní kí adènà ṣílẹ̀kùn. Wo àwọn ọgbà náà bí wọ́n ti jẹrà, wo àwọn tó dá wọn, òpó ni wọ́n."

Mo wò ó, òótọ́ ni. Gbogbo ìlú kún fún ọgbà tó ti wó. Ìran lẹ́yìn ìran, àṣìṣe kan náà: wọ́n ń fi ilé ti ilé, wọ́n rò pé ẹni tó bá sún mọ́ni ti di ará ilé ẹni. Mo rántí oko Akọbè. Mo ní nínú mi pé Ọdẹ́wálé, fífi nǹkan ti nǹkan kò wúlò fún gbòǹgbò. Bí ará ilé bá ń sọ ara wọn di púpọ̀ lábẹ́ òrùlé, a jẹ́ pé òrùlé gan-an ni kí a sọ di ọ̀kan.

"Adènà, ǹjẹ́ òfin kan wà tó ní kí n má kọ́ òrùlé?"

Ó ṣẹ́ ojú rẹ̀ kan ṣoṣo náà. Adènà yìí le bí òkúta, ṣùgbọ́n kò parọ́ rí. Ó ní, "Kò sí."

Ni mo bá bọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní apẹran nìkan, ẹ̀ bá wá wo ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo gé igi gbọọrọ kan tí kò wọ́, mo gbé e lé orí ilé àkọ́kọ́, mo nà án dé orí ìkejì. Mo wá to ẹkẹ́ sí i lọ́tùn-ún lósì, mo fi okùn igbó dè wọ́n ní ìdè ìlọ́po. Àjàdí ń ti inú ilé na okùn sí mi, Lágbàyí ń ti inú tirẹ̀ gbá ẹkẹ́ mú, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́.

"Ọdẹ, ẹkẹ́ rẹ wọ́ o!"

"Ọrùn rẹ ló wọ́, òun ni o fi ń wò ó. Di ibẹ̀ mú!"

Ẹfúnwùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wú ikọ́. Ó ní òun kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí òun ti wọ ìlẹ̀kẹ̀. Mo gé koríko bẹẹrẹ, mo bò ó nípọn. Nígbà tí mo parí, ilé méjì ti wà lábẹ́ òrùlé kan, afẹ́fẹ́ kò rí ihò gbà kọjá. Mo sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó.

Kò-ṣeé-bẹ̀ yí ilé náà ká, ó fi ìka tọ́ gbogbo ìdè wò. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀bẹ jáde, ó sì fá àtẹ́rígbà tuntun: mọ́kànlélógún lọ́nà mẹ́rìnlá, igba ó lé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

"Ó dáa," ó ní. "Òrùlé kan ni. Ó yá, sọ gbòǹgbò ilé yìí fún mi kí n ṣílẹ̀kùn. Ta ni yóò jáde, ta ni yóò kù?"

Bí ẹ bá rí ìyà! Mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jọ, iye tó fá sórí ilẹ̀kùn gan-an, mo ń tò wọ́n bí mo ti tò ti Akọbè. Mo gbìyànjú mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́tàdínlógún. Wọ́n tò dáadáa, inú mi ń dùn bọ̀, mo dé òpin, òkúta márùn-ún ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Kò sí ibi tí mo lè fi wọ́n sí. Mo fi ọ̀kan kún ẹ̀gbẹ́, kò tó. Mo bínú, mo fẹ́ ju márùn-ún náà lu adènà lójú. Ṣùgbọ́n òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Mo jókòó, mo wo àwọn tó wà nínú ilé dípò òkúta. Mẹ́ta, méje, méjì, méje. Mo wá bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ní kí n kó wọn jọ sínú òkìtì ńlá kan, kí n tún máa wá bí n ó ṣe tú òkìtì náà? Ẹni tó bá ti ní ìdì igi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í dà wọ́n nù kí ó tún máa ṣà wọ́n. Ẹni tó ní ẹnìkejì yóò jáde, ẹni tí kò ní yóò kù. Ó tán.

"Adènà," mo ní, "méje pàdé méje. Méje kan yóò jáde. Méjì àti mẹ́ta kò ní ẹnìkejì, méjì lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀fà ni yóò kù lábẹ́ òrùlé. Gbòǹgbò ilé yìí ni méje níta, pẹ̀lú gbòǹgbò ẹ̀fà nínú ilé."

Etí rẹ̀ méjèèjì gbọ̀n. Ó ní, "Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ rèé láti ìgbà tí mo ti ń dènà." Ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà.

Àjàdí àti Ẹfúnwùmí wá sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Adènà gbé ọ̀bẹ, ó béèrè okùn ẹni tí òun yóò já. Àjàdí ní, "Ẹ já tirẹ̀. Èmi lè gbé tèmi." Ìlẹ̀kẹ̀ Ẹfúnwùmí já sílẹ̀ wàràwàrà. Obìnrin náà fọwọ́ gbá ọrùn mú, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni tí ń wá ohun tó sọnù. Lẹ́yìn náà ló sáré, kò tilẹ̀ dúró kí wa.

Mo di àbúrò mi mú, mo ní ó yá, ilé ti yá. Àjàdí kò gbé ẹsẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wá jókòó sábẹ́ etí òrùlé, ibi tí òjò yóò ti kán sí i lára.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí ibà mú mi níbí, omi tó yẹ kí ìyá yìí mu ni mo mu. Òun kì í mu, èmi ló ń fún. N kò lè lọ kí òun di òpó."

Ìyá Àbẹ̀jẹ́ ti inú ilé pariwo, "Àjàdí, ọmọ burúkú! Mo fún ọ lómi kí o lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kú ni? Dìde, kí o máa lọ!"

"Ìyá, ẹ dákẹ́."

"Èmi ni kí n dákẹ́? Ọdẹ, gbé e! Gbá a létí!"

Mo gbé ojú sókè. Ojú ọ̀run ti dúdú láti apá ìlà-oòrùn. Mo lè fi agbára gbé e, mo sanra jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ara rẹ̀ délé, ìyókù rẹ̀ ń kọ́? Mo ní, "Jókòó síbẹ̀. N ó dé."

Ilé kẹta ni mo lọ. Ẹ̀fà ni wọ́n fá sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, òmìrán tí wọ́n ń pè ní Òkè-ń-rìn, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà lọ́rùn rẹ̀. Bí mo ti ní kí ó jẹ́ kí n so òrùlé rẹ̀ mọ́ tiwa, ó yínmú.

"Mẹ́fà ni mí. Mẹ́fà mìíràn kò sí ní ìlú yìí. Ta ni yóò bá mi jáde? Ìyá onílẹ̀kẹ̀ mẹ́ta yẹn, àbí ẹlẹ́nu onílẹ̀kẹ̀ méjì?"

"Àwọn méjèèjì ni."

"Ọdẹ, oòrùn ti pa ọ́. Méjì àti mẹ́ta, márùn-ún ni. Èmi ju márùn-ún lọ."

"O ju márùn-ún lọ lóòótọ́," mo ní, "ṣùgbọ́n o ń fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ wé tiwọn lórí ìlà kan. Bọ́ ọ lọ́rùn kí n fi hàn ọ́ bí a ti dá ọ."

Ó ní kì í bọ́. Mo ní kí ó fà á sílẹ̀ sáyà, mo sì fi ìka tò ó fún un: mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. "Kà á ní òró." Ó kà á, ó ní méjì. "Kà á ní ìbú." Ó kà á, ó ní mẹ́ta. Ó wo àyà ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdodo.

"Láti ìgbà tí mo ti wà níbí," ó ní jẹ́jẹ́, "méjì àti mẹ́ta wà lára mi, mo sì ń pariwo pé n kò lẹ́nìkejì."

"Ariwo rẹ tó. Wá bá mi gbé igi."

Ó na ọwọ́ jáde lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé igi tí ènìyàn mẹ́rin kò lè gbé. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, okùn ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ń fi eyín fà á. Lágbàyí kò rí ẹkẹ́ kankan bú mọ́. Ó ń na bẹẹrẹ sí mi, ó ń gbàdúrà. Afẹ́fẹ́ dé, ó gbé koríko tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò lọ, mo tò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún gbé e, mo dùbúlẹ̀ lé e lórí, mo ń dè é lábẹ́ àyà mi. Àrá sán. Àjàdí wà níbi tó jókòó sí, ó di etí òrùlé mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e.

Nígbà tí ìdè tó kẹ́yìn wọlé, mo yí lulẹ̀ láti orí ilé. "Adènà! Wá wò ó!"

Kò-ṣeé-bẹ̀ yí ilé ká bó ti máa ń ṣe, kò yára, kò falẹ̀. Mo fẹ́ kú. Ó wá dúró. "Òrùlé kan ni. Kí wọ́n wá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sórí òkúta. Òkè-ń-rìn dojúbolẹ̀, ó tẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ sórí òkúta bí mo ti kọ́ ọ, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ìyá Àbẹ̀jẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó na okùn tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìbú: ẹyọ kan kọjú sí ẹyọ kan, mẹ́ta bá mẹ́ta mu. Lágbàyí na tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òró: méjì bá méjì mu. Adènà tẹ ojú rẹ̀ mọ́ òkúta títí imú rẹ̀ fi kan án.

"Ìbú ní ẹnìkejì," ó ní. Àrá tún sán. "Òró ní ẹnìkejì. Okùn ta ni kí n já?"

"Ti àwọn yẹn," ni Òkè-ń-rìn dáhùn. "Ọrùn mi gba mẹ́fà dáadáa."

Ọ̀bẹ já mẹ́ta, ọ̀bẹ já méjì. Mo fa ìyá, ìyá fa Lágbàyí, òmìrán gbé Àjàdí lábẹ́ etí òrùlé bí ẹni gbé ọmọ adìyẹ. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí koríko lẹ́yìn wa. Òrùlé náà kò rí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ di òpó. Ó gbọ̀n, ó sì jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí arúgbó tó rẹ̀.

Kò-ṣeé-bẹ̀ dúró sínú òjò, ó ń ka ohun tó jáde. "Méje níta. Mẹ́fà níta. Méje lọ́nà mẹ́fà, méjìlélógójì. Kò sí nǹkan kan tó kù lábẹ́ òrùlé. Gbòǹgbò tó mọ́ ni." Ó wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. "N kò ní ẹnu ọ̀nà tí n ó ṣọ́ mọ́."

"Wá bá wa relé," ni Ìyá Àbẹ̀jẹ́ wí.

"Ìyá, ẹ fẹ́ mú iwin lọ sílé?" ni Lágbàyí béèrè.

"Ó mọ ìṣirò, kò sì parọ́. Mélòó lo mọ̀ nílùú yín tó rí bẹ́ẹ̀?"

Kò-ṣeé-bẹ̀ kò tẹ̀lé wa ṣá. Ó ní kí òun kọ́kọ́ wá òfin tó gbà á láyè.

Bí a ṣe rìn bọ̀, ẹsẹ̀ náà ni. A pínyà ní oríta. Òkè-ń-rìn gbé ìyá sí èjìká rẹ̀ lọ sí ìlú ìyá náà, Lágbàyí ń tẹ̀lé wọn, ó ń sọ fún wọn bí òun ṣe kọ́ òrùlé.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, Adépèlé, tòun ti oyún inú rẹ̀, ń fa omi. Ó gbé kèrègbè sílẹ̀. Àjàdí dúró lókèèrè, ó fi ọwọ́ bo ọrùn, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ náà kò ṣeé tú, ọ̀bẹ wa kò ràn án. Ojú ń tì í. Ó ní, "Adépèlé, mo bọ̀, àmọ́ nǹkan kan wà lọ́rùn mi tí kò ní kúrò mọ́."

Obìnrin náà ṣí ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ náà, ẹyọ kan tẹ̀lé ẹyọ kan, títí ó fi kà á tán.

"Ọrùn yìí ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n yín bá mi lọ mú wá," ó ní. "Ìlẹ̀kẹ̀ kò dí mi lọ́wọ́ láti dì mọ́ ọn."